Ẹṣin Tí Mo Kọ́ Ní Ìbẹ̀rù

Ẹ jókòó, gbogbo yín. Kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọlé kó sì ti ilẹ̀kùn, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ, mi ò rò pé mo lágbára láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà tó ń tọ́jú ọkàn mi ti bá àkọ́bí mi sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó rò pé mi ò gbọ́. Ó ní kí wọ́n máa ṣe ohun tí mo bá fẹ́ fún mi. Ohun tí mo fẹ́ kò ju èyí lọ, pé kí òtítọ́ kan tó ti ń rà mọ́ mi nínú jáde kí èmi tó jáde láyé. Ẹ ti ń bi ara yín láti àárọ̀ pé kí ló dé tí mo fi ránṣẹ́ pe àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀, àwa tí a kò tíì jọ jókòó nínú yàrá kan láti ìgbà ayé Bàbá wa. Mo rí bí ẹ ṣe ń wo ara yín. Ọ̀kan ń rò pé ilẹ̀ ni mo fẹ́ pín. Òmíràn ń rò pé ìjà àtijọ́ ni mo fẹ́ jà parí. Ìfura yín ò bí mi nínú. Inú ìfura ni mo ti lo ìgbésí ayé mi, èmi gan-an ni mo sì gbìn ín sínú ilé yìí.

Ẹ̀yin ọmọ kò bá Bàbá wa láyé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gba ẹṣin tí kò tíì mọ ènìyàn lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, kí ó tù ú lójú, kí ó kọ́ ọ ní ìjánu àti gàárì, kí ó tó dá a padà fún olówó rẹ̀. Ọgbà wa kò tóbi. Ilé ẹṣin onípáànù wà ní apá kan, páànù náà sì ti ń jò láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Yàrá gàárì wà ní apá kejì, pápá róbótó tí a fi pákó yí ká wà láàárín. Ibẹ̀ ni mo dàgbà sí. Èmi ni àkọ́bí, Bàbá ò sì bí ọkùnrin. Kí n tó mọ ìwé kà ni mo ti mọ bí a ṣe ń gbé pátákò ẹṣin lé orúnkún ká fi irin ha ìdọ̀tí inú rẹ̀ kúrò. Àbúrò mi kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń ní òórùn ẹṣin ò jẹ́ kí òun gbádùn aṣọ òun. Ṣùgbọ́n òun náà ló padà fẹ́ ọkùnrin tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá, ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ débi pé Bàbá sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ sì gba orúkọ náà mọ́ ọn lára. Òun nìyẹn tó jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Mi ò fi orúkọ náà pè é rí títí di òní. Ó máa ń korò lẹ́nu mi.

Ìlara ni, ẹ má jẹ́ kí n pe é ní nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n ìlara nìkan kọ́ ló mú mi gbé abẹ́rẹ́ tí ẹ máa gbọ́ nípa rẹ̀ láìpẹ́. Ohun tó mú mi lọ́wọ́ dání ni ọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ru koríko bọ̀ láti ẹ̀yìn ọgbà, mo sì gbọ́ ohùn Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ lódìkejì ògiri páànù. Ó ń bá àbúrò mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Jẹ́ kí Bàbá lọ ná. Bí wọ́n bá ti lọ báyìí, a máa tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀, ká ṣe é bó ṣe wù wá." Àbúrò mi ní, "Àǹtí ńkọ́?" Ó dá a lóhùn pé, "Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ rárá. Bí Àǹtí bá gbọ́, Bàbá ti gbọ́ nìyẹn." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lọ. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú koríko lórí mi. Ní ìgbà yẹn, Bàbá ń wúkọ́, ó sì ti ń jókòó sinmi kó tó rìn yí pápá ká tán. Níbo ni Bàbá tún ń lọ, bí kò ṣe ibi tí gbogbo wa ń lọ? Mo gbà lọ́kàn mi pé ikú rẹ̀ ni wọ́n ń retí, kí wọ́n lè tú ohun tó kọ́ palẹ̀. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Èmi lo oògùn náà ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì di májèlé. Mi ò yí ògiri náà ká kí n bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń sọ. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ ni ìbá gbà mí.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Bàbá ra ẹṣin kan fún ara rẹ̀. Ẹṣin àwọn ẹlòmíràn ló ti ń kọ́ láti ìgbà èwe, èyí nìkan ló jẹ́ tirẹ̀. Akọ ni, ó kéré, awọ rẹ̀ pupa bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹ̀dá alààyè tí ẹ̀rù ń bà tó bẹ́ẹ̀. Bí ewé bá já, á fò. Bí korobá bá dún, á fi àyà gbá pákó. Bí ènìyàn bá wúkọ́ lásán, òógùn á bò ó lọ́rùn, funfun ojú rẹ̀ á yọ, etí rẹ̀ méjèèjì á máa lọ síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń gbọ́ ohun tí àwa ò gbọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ ní Jìnnìjìnnì. Bàbá gbé ọwọ́ lé pákó, ó wò ó títí, ó ní, "Ẹni tí eléyìí bá gbà kó gun òun, òun ni màá fi ọgbà yìí lé lọ́wọ́." Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ títí di òní bóyá àwàdà ni Bàbá ń ṣe. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé tọ̀ ọ́. Mo fi okùn mú un bí Bàbá ṣe kọ́ mi, mo dúró gbọin, mo ní kò ní fà mí. Ó fà mí. Ó fi mí wọ́ ilẹ̀ yí pápá náà ká lójú gbogbo ènìyàn, títí okùn fi bó àtẹ́lẹwọ́ mi. Bàbá Olómi, òṣìṣẹ́ tó ń bu omi fún àwọn ẹṣin, ló gbé mi dìde. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀ ń kọ́ ẹṣin ni, àbí ẹṣin ló ń kọ́ yín?" Àwàdà ni. Mo bá a rẹ́rìn-ín, mo sì fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Lẹ́yìn èmi ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ wọlé. Kò mú okùn. Ó da korobá kan dojú dé láàárín pápá, ó jókòó lé e, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹṣin náà, ó sì ń tún ìjánu kan tó já rán. Kò wẹ̀yìn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, a sì ń sọ láàárín ara wa pé ó fẹ́ fi ìjókòó gba owó oṣù ni. Títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí Jìnnìjìnnì fi ẹsẹ̀ kan síwájú, ó gbé e padà, ó tún gbé e síwájú, ó na ọrùn, ó sì fi imú kan èjìká ọkùnrin náà. Ẹṣin náà mí kanlẹ̀, ó gbé àgbọ̀n lé èjìká yẹn, kò sì gbé e kúrò. Omi yọ lójú Bàbá. Ó kọjú sí àwọn òṣìṣẹ́, ó ní, "Ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ tí mo bí kọ́ iṣẹ́ yìí ni. Eléyìí, wọ́n bí i mọ́ ọn." Ó sọ ọ́ lójú mi. Mi ò rò pé ó rántí pé mo wà níbẹ̀.

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ní ìrora kan ní èjìká, láti ìgbà tí ẹṣin kan ti gbé e ṣubú. Ó máa ń fi ìpara gbígbóná kan pa á láràárọ̀, èyí tó ń ta nímú tí ẹ máa gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ẹ tó rí i. Jákẹ́ẹ̀tì òjò rẹ̀, aṣọ rẹ̀, okùn rẹ̀, òórùn kan náà. Mo ronú pé ẹṣin yìí kò mọ ojú ènìyàn tó bẹ́ẹ̀, òórùn ló fi mọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n sọ pé Èṣù ló sọ ọ́ sí mi lọ́kàn. Bàbá ló kọ́ mi pé kí n máa wo ohun tí ẹṣin fi ń mọ ènìyàn, ẹ̀kọ́ rere ni mo yí padà sí ibi. Mo ra irú ìpara yẹn ní ṣọ́ọ̀bù tó jìnnà sí àdúgbò wa. Mo mú abẹ́rẹ́ gígùn tí a fi ń rán àpò ọkà. Ní ọ̀sán, nígbà tí Bàbá bá sùn tí àwọn òṣìṣẹ́ bá lọ jẹun, màá wọlé tọ Jìnnìjìnnì. Ó ti gbà kí a so òun mọ́lẹ̀ báyìí, ó ti gbà kí a fi aṣọ bo òun lójú. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ló tù ú débẹ̀. Ìfọkànbalẹ̀ tí ọkùnrin náà fi sùúrù kó sí i lára ni mo fi mú un. Màá bò ó lójú, màá fi aṣọ tí mo ti fi ìpara pa sí i nímú, á kọ́kọ́ na ọrùn sí i bí ọmọ tó gbọ́ òórùn ìyá rẹ̀, nígbà náà ni màá gún un lábẹ́ irun ọrùn, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní tètè rí. Mi ò sọ̀rọ̀. Mi ò fẹ́ kó mọ ohùn mi. Ẹ gbọ́ o, ó máa ń na ọrùn sí i. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí dé ọjọ́ tí kò na ọrùn mọ́, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n kí n tó sún mọ́ ọn. Lọ́jọ́ náà ni mo mọ̀ pé ẹ̀kọ́ mi ti yé e.

Nígbà tí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ wọ pápá, ẹṣin náà gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ké. Mi ò tíì gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹṣin. Ó fi ìdí ti pákó, ó tọ̀ sílẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè sí ọkùnrin tí òun fúnra rẹ̀ ti gbé àgbọ̀n lé léjìká tẹ́lẹ̀. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ dúró, ó na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, ó ń sọ pé, "Kí ló ṣe ọ́? Èmi ni. Èmi ni." Ojú rẹ̀ dàbí ojú ẹni tí ìyàwó rẹ̀ sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n rí. Àwọn òṣìṣẹ́ wo ara wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún irúgbìn ìfura, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fi iyọ̀ sí ọbẹ̀. Mo sọ fún Bàbá Olómi pé, "Mi ò sọ pé ó ń nà án o. Mo kàn ń wò ó ni." Mo sọ fún obìnrin tó ń gbálẹ̀ pé, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ." Mo bi Bàbá léèrè bíi pé mi ò mọ ohun tí mò ń bi pé, "Bàbá, ṣé ẹṣin lè ṣàdédé kórìíra ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀?" Bàbá ronú, ó ní, "Rárá. Ẹṣin kì í purọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mò ń wá. Láti ọjọ́ náà, bí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ bá dé, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ á dákẹ́. Bí ó bá wọ yàrá gàárì, ẹnì kan á wá nǹkan lọ mú níbẹ̀. Òun náà rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá jẹun.

Bàbá ránṣẹ́ sí dókítà ẹran. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi ọwọ́ ra ẹṣin náà lára, ó sì gbé irun ọrùn rẹ̀ sókè. Ó ní, "Bàbá, ẹ wá wo ibí. Ẹnì kan ń gún un." Bàbá ní, "Ṣé kì í ṣe eṣinṣin?" Dókítà ní, "Abẹ́rẹ́ ni. Ojú rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ. Eṣinṣin kì í to ojú ìjẹ rẹ̀." Bàbá dìde, ó wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ sì pẹ́ lára mi bó ṣe pẹ́ lára àwọn yòókù. Ó ní, "Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ẹ lọ kó àpò àti aṣọ iṣẹ́ yín wá lọ́la." Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo lọ sí yàrá gàárì, mo sì fi abẹ́rẹ́ náà sínú àpò jákẹ́ẹ̀tì òjò Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, mo tẹ̀ ẹ́ wọ inú ojú rírán kí ó lè dàbí ohun tí a fi pamọ́. Nígbà tí Bàbá fúnra rẹ̀ fà á jáde ní ọjọ́ kejì, ó gún un ní ìka. Ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Bàbá, mi ò mọ̀ nípa ẹ̀. Mi ò mọ bó ṣe débẹ̀." Bàbá ní, "Ẹṣin mọ̀." Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Dìde. Mú ìyàwó rẹ, kí ẹ sì máa lọ." Ọkùnrin náà fi jákẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ níbẹ̀, kò sì padà wá mú un.

Àbúrò mi wá bá mi nínú yàrá kí wọ́n tó lọ. Àbúrò mi, o rántí. O kúnlẹ̀, o di ẹsẹ̀ mi mú, o ní, "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ wẹ̀ mí, ẹ̀yin lẹ gbé mi pọ̀n. Ẹ̀yin nìkan ni Bàbá máa gbọ́ tiyín. Ẹ bá wa sọ̀rọ̀." Mo wo orí rẹ tó wà lórí ẹsẹ̀ mi, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé o ti dara pọ̀ mọ́ ọkọ rẹ láti tú ilé bàbá wa palẹ̀. Mo ní, "Ẹni tó gún ẹran tí kò lè sọ̀rọ̀, lọ́la ìwọ ló máa gún. Bí o bá gbọ́n, jẹ́ kó dá lọ." O dìde, o wò mí, o sì tẹ̀lé ọkọ rẹ. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i lójú rẹ pé o bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí mi. O ò jẹ̀bi.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo rò pé ọkàn mi á balẹ̀. Dókítà ẹran padà wá yẹ ojú ọgbẹ́ wò, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹṣin yìí ń wo ọwọ́ yín." Mo ní, "Ó rò pé oúnjẹ wà níbẹ̀ ni." Ó ní, "Ó ṣeé ṣe." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ pamọ́ sínú aṣọ. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí Bàbá lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni káfíńtà kan wọ ọgbà pẹ̀lú okùn ìwọ̀n lọ́wọ́ àti pẹ́ńsùlù létí. Ó ní, "Ọkọ àbúrò yín dà? Ó ní bí Bàbá bá ti lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn lókè odò, kí n tètè wá, ká tú òrùlé ilé ẹṣin yìí palẹ̀, ká fi tuntun kàn án kí wọ́n tó dé. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá ẹ̀yin, nítorí ẹ̀yin àti Bàbá kì í fi nǹkan pamọ́ fún ara yín. Ó ní wọ́n fẹ́ fi ya Bàbá lẹ́nu ni." Mo di pákó mú. Mo ní kó máa lọ, pé a ò ṣe mọ́. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹni tó ṣe ibi kò mọ̀ pé ibi ni, ẹ má gbà á nípa tèmi. Láti ọjọ́ tí káfíńtà wá ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òrùlé ni mo fi lé ènìyàn jáde nílé. Mo sì dákẹ́, nítorí ojú á tì mí. Nítorí ìtìjú lásán.

Òjò ló tú àṣírí náà fún Bàbá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń rọ̀ gan-an, omi sì ń jò sórí Jìnnìjìnnì láti inú òrùlé náà. Bàbá ò rí jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ó sì já èyí tó wà lára ìṣó ní yàrá gàárì. Ta ló tún rántí ẹni tó ni ín? Èmi rántí. Mo wà ní ẹnu ọ̀nà ìdáná, mo rí i tó ń wọ̀ ọ́, mo sì la ẹnu láti pè é. Bí mo bá pè é, á bi mí pé kí ló burú nínú jákẹ́ẹ̀tì. Mo ń wá ohun tí màá sọ lọ́wọ́, ó sì ti wọ ilé ẹṣin. Mo gbọ́ igbe ẹṣin náà, mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí pákó bá ṣẹ́, nígbà tí mo débẹ̀ Bàbá ti wà nílẹ̀ nínú omi, ìbàdí rẹ̀ ti yẹ̀, Jìnnìjìnnì sì rọ̀ mọ́ igun ògiri, ó ń gbọ̀n. Ẹ̀rù ẹni tó wà nílẹ̀ ló ń bà á.

Bàbá ò dìde lórí ibùsùn mọ́. Àwọn kan ní kí wọ́n pa ẹṣin náà, ó kọ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó ń wo àjà, ó ń ronú. Lọ́jọ́ kan ó ní kí n gbé jákẹ́ẹ̀tì náà wá, ó sì gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Ẹṣin yẹn mọ̀ mí. Kì í ṣe èmi ló ta nípàá, jákẹ́ẹ̀tì yìí ló ta nípàá. Òórùn ló mọ̀. Ẹni tó fẹ́ gún ẹṣin, ṣé á kọ́kọ́ fi òórùn ara rẹ̀ hàn án dáadáa, á wá fi abẹ́rẹ́ sápò níbi tí gbogbo ayé á ti wá a? Ẹnì kan kọ́ ẹṣin yìí. Iṣẹ́ ẹni tó mọṣẹ́ ni." Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ?" Mo ní, "Bàbá, mi ò mọ̀." Ó ní, "Ó dáa. Ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ àti ọkọ ẹ̀. Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n."

Mi ò ránṣẹ́. Èyí ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ti sọ, ẹ̀yin tí ẹ rò pé abẹ́rẹ́ ni. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá dé, tí wọ́n sì jókòó yí ibùsùn yẹn ká, kò ní ju èèyàn kan lọ tí ọ̀rọ̀ náà á kù sí lọ́rùn. Ní àràárọ̀, bí mo bá ti ń fi omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún lójú, á bi mí pé, "Wọn ò tíì dé?" Màá ní, "Ọ̀nà jìn, Bàbá." Nígbà tó pẹ́, mo ní wọ́n ti gba iṣẹ́ náà, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Nígbà tó tún pẹ́ sí i, tí mi ò mọ irọ́ tí màá pa mọ́, mo wo ojú bàbá mi, mo sì sọ fún un pé wọ́n ní àwọn ò wá. Mo ní wọ́n sọ pé ẹni tó lé ènìyàn jáde bí ajá kì í retí ìkíni. Ó pa ojú dé. Ó ní, "Wọ́n jàre." Láti ọjọ́ yẹn kò jẹun tó nǹkan kan mọ́. Nígbà tí ó kú, mo jẹ́ kí wọ́n sin ín tán kí n tó ránṣẹ́ sí àbúrò mi, mo sì fi kún un pé Bàbá ló ní kí wọ́n má jẹ́ kí ó wá. Ọ̀nà méjèèjì ni mo fi irọ́ dí. Ẹni tó kú rò pé wọ́n kọ òun sílẹ̀, àwọn tó wà láàyè rò pé ó kú sínú ìbínú sí àwọn.

Jìnnìjìnnì ńkọ́? Mo tà á. Kò ṣeé sún mọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá kọjá lẹ́nu ilé rẹ̀, kò ní wo ojú mi, ọwọ́ mi ló máa ń wò, mo sì ń fura pé lọ́jọ́ kan ẹnì kan á rí i, á sì lóye rẹ̀ bí dókítà ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ lóye. Mo tà á fún ọkùnrin kan tó ń fi ẹṣin fa ẹrù ní ìlú tó jìnnà. Nígbà tí wọ́n ń fà á lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ lórí ọ̀dà títì, gbogbo ìró ọkọ̀ ló ń mú un fò. Mi ò bèèrè rẹ̀ mọ́. Mo gba ọgbà, mo sì kọ́ ẹṣin àwọn olówó fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ènìyàn sì ń sọ pé mo jọ bàbá mi. Mo ń fura sí gbogbo òṣìṣẹ́ tí mo gbà. Mo ń fura sí ọkọ tí mo fẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi mọ̀, ẹ rí bí ó ṣe lọ. Ẹni tó ti fi ohun kan sínú àpò ẹlòmíràn rí, kò ní yé fi ọwọ́ wá inú àpò ara rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà níhìn-ín, bí ẹ bá gbọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri, ẹ yí ògiri náà ká lọ bèèrè ààbọ̀ tó kù. Bí ẹ kò bá lè bèèrè, ẹ gbàgbé èyí tí ẹ gbọ́. Mi ò ní ọgbọ́n mìíràn láti fún yín.

Ó ku ohun kan. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, Bàbá rán mi ní iṣẹ́ sí ọ kí ó tó kú, mi ò sì jẹ́ ẹ. Lówùúrọ̀ tó gbẹ̀yìn, nígbà tí ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, ó ní kí n tẹ́ etí sílẹ̀. Ó ní, "Bí o bá rí ọkọ àbúrò rẹ, sọ fún un pé mo ti mọ̀ pé kì í ṣe òun. Sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, èmi ni ojú mi fọ́." Mo ní màá sọ bẹ́ẹ̀. Ó pa ojú dé, mo rò pé ó ti sùn. Ó wá di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ yìí, ó ń fi ìka rà á bí ẹni ń wá ẹ̀gún. Ó ní, "Ẹni tó ṣe é, mi ò ṣépè fún un. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ." Ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Ó mọ̀. Ó mọ̀ pé èmi ni, ó sì gbà kí n máa nu òun lójú láràárọ̀, ó ń dúró kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́, mi ò sì sọ ọ́, títí ó fi lọ.

Mo ti wá jẹ́ iṣẹ́ náà. Ó ti pẹ́ jù, mo mọ̀. Mo ti ránṣẹ́ sí Bàbá Olómi, ó ṣì wà láàyè, mo sì ti ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ nígbà náà tí mo lè rí. Wọ́n ń bọ̀ lọ́la, màá sì tún un sọ níwájú wọn bí ẹ̀mí bá wà, bí kò bá sí, kí àkọ́bí mi bá mi sọ ọ́. Àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́. Ìwọ tí mo gbé pọ̀n, mo gba bàbá rẹ lọ́wọ́ rẹ, mo gba ìsìnkú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, mi ò sì ní nǹkan kan tí mo lè fi dí i. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Bí o kò bá lè ṣe é, ó tọ́ sí ọ. Bí ẹ bá dìde báyìí tí ẹ sì jáde láìsọ̀rọ̀, mi ò ní pè yín padà. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni nínú yín, èyíkéyìí tó ti ń fura sí láti ọjọ́ pípẹ́, kí ó bi mí. Màá dá a lóhùn.